Ìkíni Tí N Kò Dáhùn

Ní ìdíkọ̀ rélùwéè Ìkìrun ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́dún tí ọkùnrin tó máa ń fi àwo orin jí wa nínú rédíò kú. Ìyá àgbà kan tó ń gbé obì lọ sí Òkukù ló ń bá tíṣà kan sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọmọ mi, ó rẹ̀ mí. Láràárọ̀ ni ọkùnrin inú rédíò yẹn máa ń kí wa: 'Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa.' Èmi náà á ní, 'Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?' Àwọn ará ilé á máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀."

"Wọ́n ní ó kú, wọ́n sì ti sin ín. Ọjọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ tún jáde: 'Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa.' Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ta ní í dá òkú lóhùn? Mo ní kí wọ́n pa rédíò. Látìgbà náà ni ilé ti dákẹ́."

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe òkú ló kí yín, Ìyá. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú."

"Kó tó kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá ní, "Àṣé láàyè ló wà nígbà tó ń kí mi."

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè lọ́nà Òṣogbo. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀ karí, kò wo tíṣà, kò wo èmi náà.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ló ní. "Ṣé dáadáa lo jí?"