Bàbá Mi Ní Òun Ò Mọ̀ Ọ́n Rí

Ẹ bá mi gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń wẹ bàbá mi, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ, láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti dá a dùbúlẹ̀ nílé wa ní Àgbádárìgì. Àwọn aládùúgbò ń pè mí lọ́mọ rere. Ọmọ rere kẹ̀! Wọn ò mọ ohun tó wà nínú mi.

Nígbà ìjọba ṣọ́jà, tí ọṣẹ àti mílíìkì di ohun à ń tò fún, mò ń tọ́jú yàrá kẹ́mísírì nílé ìwé girama kan. Ọmọ Gánà ni tíṣà kẹ́mísírì wa. Kò sí kẹ́míkà, ló bá rán mi lọ ra imí-ọjọ́ lọ́jà Agbálátà, níbi tí wọ́n ti ń tà á fún oògùn làpálàpá, ó ní kí n gba ẹ̀rún irin lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó pò wọ́n pọ̀, ó na òòfà sí i, irin fò mọ́ ọn, imí-ọjọ́ ṣẹ́ kù. Ó tún po òmíràn, ó yan án lórí iná títí ó fi dúdú. Òòfà ò rí nǹkan kan fà mọ́. Ó kọ FeS sójú pátákó. “Fe ni irin, S ni imí-ọjọ́. Wọ́n ti la iná kọjá, wọ́n ti di ọ̀kan.” Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo lóyún, bàbá mi, tó ní ìsọ̀ l'Agbálátà, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí ààwẹ̀ bá ti parí, òun á so yìgì fún wa. Ààwẹ̀ ò tíì parí tí ìjọba fi ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Àwọn ṣọ́jà mú tíṣà mi. Ó ní àna òun wà lọ́jà, wọ́n bá wọ́ ọ wá. Mo wà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn bèèrè pé, “Bàbá, ṣé àna yín lèyí?” “Bẹ́ẹ̀ ni” péré ni wọ́n ń retí kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n páálí mílíìkì kún ẹ̀yìn ìsọ̀ bàbá mi, ẹni tó bá sì kó ọjà pamọ́ ń jẹ kòbókò ní gbangba. Ó ń fẹ́ kí wọ́n tètè kúrò níbẹ̀.

“N ò mọ̀ ọ́n rí,” ló wí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!” Mo di aṣọ ṣọ́jà mú, ìdí ìbọn ni wọ́n fi tì mí ṣubú. Ọkọ̀ gbé tíṣà mi gba ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. N ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Orúkọ bàbá mi ni ọmọ tí mo bí fún tíṣà náà ń jẹ́ nílé ìwé.

Lánàá, bí mo ṣe ń nu ojú bàbá mi, ó di ọwọ́ mi mú: “Forí jì mí, ọmọ mi, kí n tó lọ.” Mo fẹ́ràn bàbá mi, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ń dùn mí dé eegun. Bí mo bá ní mo ti forí jì í, irọ́ ni. Bí mo bá dákẹ́, tó wá kú sí mi lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà, ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn o. Láti àárọ̀ yìí ló ti ń kọ oúnjẹ.