Àga Tí Mo Gbé Sáàárín Pálọ̀ Lọ́jọ́ Tí Tẹlifíṣọ̀n Wọlé Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ìwé kejì ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó. Ọ̀rọ̀ mi lè má tò bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa bínú láì sọ ohun tó ń bí mi nínú.

Èmi ni mo ṣe é. Ìyá Rónkẹ́ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹ̀rù má baà bà mí tí mo bá dé àárín ọ̀rọ̀.

Àtìkòrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé ọkọ mi wà. Nígbà Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni. Ọkọ wa ń ta pákó. Àwa méjì ló fẹ́. Ìyá Rónkẹ́ ni ìyálé, ọmọ Abígí létí omi. Èmi ni ìyàwó. Ìyá ọkọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ń bá wa gbé.

Tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà nínú pálọ̀ wa. Gbogbo àga ló fẹ̀yìn ti ògiri, kálukú ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Abẹ́ fótò ọkọ wọn tó ti kú ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó lè kẹ́yìn sí wọn, nítorí kò sí àga láàárín. Ní ilé wa, kí ìyàwó jókòó kó kẹ́yìn sí ìyá ọkọ, èébú ni. Wọn ò ní pè é ní àṣìṣe.

Ìgbà tí ọkọ wa ra tẹlifíṣọ̀n ni nǹkan yí padà. Àpótí onígi ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn kékeré méjì. Òun ni àkọ́kọ́ ládùúgbò wa. Ó ra jẹnẹrétọ̀ tì í. Ògiri tó kọjú sí Ìyá Àgbà ni wáyà gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé e sí. Ẹ wá wò ó: ẹni tó bá fẹ́ wòran gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri yẹn, Ìyá Àgbà á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé àga yín síwájú," ni ọkọ wa wí.

"Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni mo wà," ni Ìyá Àgbà fèsì. "Àpótí kan ò ní lé mi kúrò níbẹ̀."

Ọkọ wa bá ní kí Ìyá Rónkẹ́ to pálọ̀, nítorí òun ni àgbà obìnrin. Àlejò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Kí n sọ òtítọ́, ó tò ó dáadáa. Ó pín àga sọ́tùn-ún àti sósì, ó yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tí ènìyàn á fi lè wo tẹlifíṣọ̀n láì kẹ́yìn sí Ìyá Àgbà. Ó fi àárín sílẹ̀ lófo bí ojú ọ̀nà. Èmi ì bá má lè rò ó bẹ́ẹ̀. Ó fi àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wa. Ó wá fi tèmi sẹ́nu ọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bo ojú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n náà.

"Ìyá Rónkẹ́, ṣé ìpàkọ́ ọmọdé ni ẹ ní kí n máa wò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, fara balẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jókòó."

Lónìí mo mọ̀ pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó gún mi.

Nígbà tó lọ wẹ̀, tí kò sẹ́nì kan ní pálọ̀, mo wọ ibẹ̀. Mo gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wa. Àga ìrókò ni, ó wúwo. Mo gbé e sáàárín, síwájú Ìyá Àgbà gan-an, mo kọjú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé tèmi sí àyè rẹ̀. Omi ò tíì hó lórí iná tí mo fi ṣe é tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e. Mo rò pé Ìyá Àgbà á kàn bá a wí, ojú á tì í díẹ̀.

Ìgbà tí Ìyá Rónkẹ́ fi fún àwọn àlejò lómi tán, gbogbo èèyàn ti jókòó, àwòrán ti hàn. Àga kan ṣoṣo ló kù. Ó dúró tì í. Ó wo àga, ó wo èmi.

"Ìyá Rónkẹ́, jókòó jàre," ni ọkọ wa wí. "O dí wa lójú."

Ó jókòó.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ọ̀pá Ìyá Àgbà nílẹ̀, gbà! "Kí rèé? Ẹ̀yìn ta ni mò ń wò yìí?"

Ìyá Rónkẹ́ ti dìde.

"Ẹ̀yìn ọmọ Abígí ni! Ọkọ mi ń wò ó látorí ògiri, èmi ń wò ó nísàlẹ̀. Ta ló to àga yìí?"

"Ìyá Rónkẹ́ ni mo ní kó tò ó," ni ọkọ wa sọ. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Mo tò ó, Ìyá," ni Ìyá Rónkẹ́ wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí ni mo ṣe tò ó."

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ẹ jọ wà nílé."

Mo ní, "Ìyá Rónkẹ́ ló tò ó, Ìyá. Èmi ò mọ̀ sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kó jẹ́wọ́ kó sì bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ ò le, mo bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé èmi ni mo ṣe é." Wọ́n ní ìgbéraga ni, wọ́n ní kó máa lọ. Ó di ẹrù rẹ̀, ó fa Rónkẹ́ lọ́wọ́, wọ́n wọ lọ́rì lọ sétí omi. Kò padà mọ́.

Ọkọ wa ò lọ pè é. Ó ti kú, inú sì ń bí mi sí i síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àga ìrókò yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, èmi ló wà níbẹ̀. Kò béèrè. Kò béèrè rárá! Àpótí ló ń wò.

Àpótí náà ò lo ọdún púpọ̀ tó fi bàjẹ́. Adìyẹ mi ló wá ń yé sínú rẹ̀. Ẹ gbọ́: ilé adìyẹ la torí rẹ̀ lé èèyàn lọ.

Nígbà tí ọkọ wa kú, Rónkẹ́ wá síbi ìsìnkú. Àwọn ọmọ tèmi ní kó jókòó síta, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́yìn sí ìyá ọkọ. Mo gbọ́. Mo ń bu ọbẹ̀, mo sì ń bu ọbẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí? Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ ọmọ mi gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun wá, wọ́n tún pálọ̀ tò. Ọ̀kan nínú wọn wọ́ àga, ó jókòó síwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ bo gbogbo ojú mi. Mo ń retí kí ẹnì kan pariwo. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ó kàn ní, "Màmá, ṣé ẹ ń rí i?"

Ohun tí a fi ba ayé obìnrin yẹn jẹ́, kì í ṣe nǹkan kan mọ́. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo ránṣẹ́ kí Ìyá Rónkẹ́ ní Abígí. Ó ṣì wà láyé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e mọ́. Rónkẹ́ ló mú èsì wá. "Ìyá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n bi yín pé ṣé ẹ ṣì jókòó síbẹ̀."

Rónkẹ́ ò mọ ohun tó gbé wá. Èmi mọ̀ ọ́n: àyè rẹ̀ tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn ni.

Bí mo bá lọ bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá rẹ̀, tí àwọn ọmọ mi ò gbọ́, orúkọ rẹ̀ ò tíì mọ́. Bí mo bá pè wọ́n jọ, wọ́n á mọ irú ẹni tí ìyá wọn jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ má sọ pé kí n dákẹ́ o. Ìyẹn ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí.

Ẹni tó bá ń lọ sí Abígí nínú yín, ẹ bá mi dá Ìyá Rónkẹ́ lóhùn. Orí ẹní ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí. Mi ò jókòó síbẹ̀ mọ́.