Ta Ló Ni Aṣọ Búlúù Yẹn?

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu… ẹ gbọ́, ẹ jókòó dáadáa. Mojí, ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan wà lọ́nà Ríìngì Róòdù. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣe mí lóore, wọ́n sì ṣe ohun kan tí kò yé mi. Èyí tí kò yé mi yẹn ni mo fẹ́ sọ. Bí ó bá yé ẹ̀yin, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá àgbà yín.

Ṣakí ni mo ti wá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Rábíátù wá láti Ìgbòho. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi, òun ọmọ mùsùlùmí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wá síṣẹ́. Kásúà ni wọ́n gbà wá. Kásúà, ìyẹn ẹni tí wọ́n lè sọ fún láàárọ̀ pé kó máa lọ sílé, kò sì ní rí ẹni tó máa bi léèrè ìdí rẹ̀. Aṣọ búráùn ni kásúà ń wọ̀. Àwọn tí wọ́n ti gbà pátápátá, àwọn pẹ́mánẹ́ǹtì, búlúù ni tiwọn. O ò ní bèèrè ta ni ẹnì kan. Aṣọ ti sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Bisikíìtì á jáde látinú ààrò ńlá, gbígbóná fẹlifẹli, á bọ́ sórí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì á máa gbé e bọ̀. Àwa obìnrin á tò sí apá méjèèjì, a kọjú síra wa ní méjì méjì. Ẹnì kan ń ṣa èyí tó fọ́, ẹnì kejì ń to èyí tó dáa sínú agolo. Ariwo ẹ̀rọ yẹn… háà! O lè pariwo orúkọ èèyàn sí i létí, kò ní gbọ́. Nítorí náà, a kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú la fi ń sọ ọ́. Bí Rábí bá gbé ojú sókè báyìí, ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn mi nìyẹn. Bí ó bá yọ ètè sápá ọ̀tún, agolo ti ń kún, kí n kọjú síṣẹ́ mi. Bí ó bá di ojú kan, ó ń bú ẹnì kan ni, kí n má ṣe rẹ́rìn-ín o!

Ẹni tó bá kọjú sí ọ, "Ojú Mi" là ń pè é. Òun ló ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ. Rábí ni Ojú Mi. Títí dòní, orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn. Ẹ̀yin náà ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ síra yín lórí fóònù, àbí? Ojú tiwa gan-an la fi ń ṣe é. Kò sí ohun tí ojú Rábí wí tí mi ò gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Apá kan bẹ́líìtì súnmọ́ fèrèsé. Atẹ́gùn díẹ̀ ń wọlé níbẹ̀. Àyè Rábí ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Nígbà tí mo wá lóyún bàbá yín, ooru ààrò ò jẹ́ kí n mí mọ́. Èébì ṣáá. Rábí wò mí títí, ó ní:

"Àbẹ̀kẹ́, máa bọ̀ níbí. Ìwọ àti ẹni tó wà nínú rẹ, ẹ gba fèrèsé."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi? Oòrùn Ìgbòho ti sè mí jinná tẹ́lẹ̀."

A pààrọ̀ àyè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ọ̀gá Ṣówándé sọ̀kalẹ̀ wá. Máníjà wa ni. Wọ́n fẹ́ sọ àwọn kan di pẹ́mánẹ́ǹtì. Ó ń rìn bọ̀ létí bẹ́líìtì, akọ̀wé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń na ìka sí èèyàn. Ìwọ. Ìwọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo apá fèrèsé, ó na ìka. Èmi ló nà á sí! Ó ti fẹ́ kọjá. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mo pariwo: "Ọ̀gá, àyè Rábí nìyí o! A ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ni!"

Ó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́. Báyìí. Ó mi orí, ó sì lọ.

Kí ló gbọ́ tó fi mi orí? Ẹ sọ fún mi. Nínú ariwo yẹn?

Wọ́n fún mi ní aṣọ búlúù. Rábí wà nínú búráùn. Bí ó bá bèèrè, wọ́n á ní kó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ á dé, wọ́n á tún ní kó di ọdún tó ń bọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kásúà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ò lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe tàwọn. Mo padà sẹ́nu bẹ́líìtì. Iṣẹ́ kan náà o! Ooru kan náà, agolo kan náà. Ìka Rábí jóná bíi tèmi, ẹ lọ wo ọwọ́ rẹ̀. Irun wa funfun níbẹ̀. Èmi nínú búlúù, òun nínú búráùn… Lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún mi, wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n ya fọ́tò. Èyí tó wà lára ògiri yẹn ni. Rábí ò sí nínú rẹ̀. Ó ti wà nílé tipẹ́ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ẹ̀hẹ́n. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ tó wà nílé iṣẹ́ náà báyìí ní àwọn fẹ́ máa gbé àwa arúgbó jáde, kí a rí ara wa, kí a ṣeré. Inú mi dùn. Irú èyí ò sí láyé àtijọ́. Tó o bá ti fi géètì wọn sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Tọ́ba ló ka ọ̀rọ̀ náà fún mi lórí fóònù. "Gbogbo ẹ̀yin òbí wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ wa." Mo ní kó tún un kà. Tọ́ba, ṣé gbogbo kọ́ lo kà? O ò kúkú kà á ní "àwọn kan".

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣàngó. Rábí ń ta ọṣẹ níwájú ilé ọmọ rẹ̀.

"Ojú Mi, wọ́n ń pè wá."

"Ta ni wọ́n ń pè?"

"Àwa. Gbogbo wa tí a ti fẹ̀yìn tì."

Ó wò mí. "Àbẹ̀kẹ́, èmi ò fẹ̀yìn tì o. Wọ́n ní kí n má wá mọ́ ni."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Ìwọ lo kàwé jù mí lọ. Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, ó wá. Ó lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó tún lé làálì sọ́wọ́. Làálì! Mo ní ṣé ìyàwó tuntun ni? Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀, ó pẹ́ tí ẹnì kan ti pe òun jáde.

Dùgbẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti gbé wa. Ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì, Tómi, ló ń pín fìlà. Ọmọ gidi ni, ó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo èèyàn. Wọ́n ti rán orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sára fìlà tirẹ̀. Ó gbé tèmi fún mi. Ó wa inú àpò títí, kò rí ti Rábí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wa?"

"Nídìí bẹ́líìtì. Èmi àti ẹni yìí la jọ kọjú síra wa."

"Ṣé pẹ́mánẹ́ǹtì ni yín, mà, àbí kásúà?"

Èmi ni mo ní kó jẹ́ ká lọ. Tómi ní ó dáa, tí a bá débẹ̀, òun á pe àwọn ọ̀gá òun.

Ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Bódìjà la lọ. Tómi dúró lẹ́nu géètì, ó tẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ láago. Nígbà tó padà dé, kò lè wo ojú wa. Ó ní wọ́n sọ pé àwọn tó fẹ̀yìn tì nìkan ni ètò náà wà fún. Ó gbé àga kan sábẹ́ igi lẹ́bàá géètì. Ó ní òun á gbé oúnjẹ wá bá Mọ́mì níbẹ̀, bọ́ọ̀sì á sì gbé wọn padà.

"Ó dáa, ọmọ mi," Rábí wí. "O ṣeun."

Mo ní èmi náà á jókòó síbẹ̀. Rábí tì mí léjìká. "Wọlé lọ jàre. Orúkọ ẹ ló wà lára fìlà, kì í ṣe tèmi."

Mo wọlé. Kí ni ǹ bá ṣe?

Nínú ọgbà, ta ni mo rí? Ọ̀gá Ṣówándé! Wọ́n gbé e síwájú, sórí àga tó ní tìmùtìmù. Ó ti gbó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dúró tì í. Ó ní kí a má bínú, Bàbá ti ń gbàgbé, nígbà mìíràn wọn kì í dá òun alára mọ̀. Mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, èmi Àbẹ̀kẹ́ nìyí." Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí?" Ẹnikẹ́ni ò tíì pè mí ní onílé rí! Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò dá ẹnì kankan mọ̀ nínú wa.

Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo wo ọ̀nà géètì. Rábí ń wò mí láti abẹ́ igi. Ó yọ ètè sápá ọ̀tún. Agolo ti ń kún, kọjú síṣẹ́ rẹ. Ìyẹn ni pé kí n jẹun. Mo bu ṣíbí kan. Mo tún wò ó. Ó gbé ojú sókè. Ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Mo yí padà. Òótọ́ ni! Bàbá ti dìde, ó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé igi ni mí. Ó lọ tààrà sí géètì. Èmi náà tẹ̀ lé e.

"Rábí," ó wí.

Rábí dìde dúró. "Sà."

"Rábí ojú fèrèsé."

"Èmi ni, sà."

"Kí lò ń ṣe níbí? Padà sí àyè rẹ." Ó wo aṣọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Aṣọ búlúù tí mo fún ọ dà?"

Ẹ gbọ́ o. Ẹ gbọ́ dáadáa. "Aṣọ búlúù tí mo fún ọ." Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé fèrèsé, ti Rábí ni. Ṣé Rábí ló na ìka sí lọ́jọ́ náà, tí kò wo ojú ẹni tó dúró síbẹ̀? Ṣé akọ̀wé ló kọ orúkọ mi? Ṣé gbogbo ọdún yẹn, ó rò pé Rábí wà nínú búlúù? Ṣùgbọ́n ṣé kò fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń wọ búráùn ni? Àbí ó mọ̀, tí ọpọlọ tó ti gbó wá ń tún un ṣe fún un báyìí, kí ó lè sùn? Ta ni kí n bi? Òun alára ò mọ ọjọ́ tí a wà!

Rábí kò ṣe bí èmi. Ó rọra ní, "Ó wà nílé, sà. Mo fọ̀ ọ́ ni, kò tíì gbẹ."

"O káre. Má jẹ́ kó pẹ́."

Bàbá di ọwọ́ Rábí tó lé làálì yẹn mú, kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ta ló máa wá sọ pé kí Rábí jókòó lẹ́nu géètì? Tómi gbé àga rẹ̀ wá síwájú, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Àwa tí a dé fìlà wà lẹ́yìn. Rábí wá yíjú, ó wò mí.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ wí. Ṣé ẹ̀rín ni? Ṣé ẹkún ni? Ṣé ó ń bi mí pé aṣọ ta ni mo wọ̀ darúgbó? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú Rábí sọ̀rọ̀ tí kò yé mi.

A sọ̀kalẹ̀ ní Ṣàngó. Mo bi í. Mo ní, "Ojú Mi, kí lo sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan?"

"Kí ni mo sọ? Ṣé mo la ẹnu ni?" Ó kọjá sódìkejì títì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tómi pè mí. Wọ́n tún fẹ́ gbé wa jáde. Ó ní ọmọ Bàbá ní àfi kí ìyá yẹn wá, òun nìkan ni Bàbá ń dá mọ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti gbà, Mọ́mì lè wá gẹ́gẹ́ bí àlejò Bàbá. Mo sáré lọ sọ fún Rábí. Ó ń fi bébà wé ọṣẹ.

"Àlejò? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́?" Ó wé ọṣẹ mìíràn. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n rán orúkọ mi sára fìlà. Tí wọ́n bá rán an, mo ń bọ̀."

Mo sọ fún Tómi. Ó ní, "Mọ́mì, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Màá bá wọn sọ ọ́." Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ti ń lọ síbi iṣẹ́ báyìí, tàbí ẹ máa tó lọ. Ẹ wo ẹni tó kọjú sí yín níbẹ̀. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n fún un. Tí kò bá yé yín, ẹ bèèrè, ẹ tún bèèrè, nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì wà ní orí pípé. Èmi ti pẹ́ jù. Ayé ti yí, ó gbé ìdáhùn tèmi lọ.

Fìlà mi nìyẹn lórí ìṣó. Tọ́ba, má ṣe dé e, jọ̀ọ́. Èmi náà ò tíì dé e láti ọjọ́ yẹn. Bẹ́líìtì yẹn… ẹnì kan ṣoṣo ò dá dúró nídìí ẹ̀ rí. Ẹni méjì ni.