Brákẹ́ẹ̀tì Tí Jubril Yí Padà Lára Ògiri Kànga

Ṣíọ̀! Ó rí mi lára! Ìyá àgbà, ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó, ẹ wá wo ohun tí Bọ̀ọ̀dá Jubril ṣe. Bọ̀ọ̀dá kẹ̀! Jubril ni màá pè é lónìí!

Ṣé ẹ rántí òfin omi tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri kànga, tó ní ká má jà mọ́? Fọ́ńṣọ̀n alápá mẹ́ta, ó ní: ọmọ ọdún [5, 10), kẹ́ẹ̀gì kan, [10, 18), kẹ́ẹ̀gì méjì, [18, ∞), òdo. Gbogbo agbo ilé gbà. Mo wá pé méjìdínlógún lónìí, mo débẹ̀, [10, 18] ni mo bá! Brákẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí kì í gba nọ́mbà etí ẹ̀ wọlé, ó ti sọ ọ́ di onígun tó ń tini mọ́lé. Ó tì mí mọ́lé, Ìyá àgbà! Lọ́jọ́ ìbí mi! Kí n tó pọnmi tán, kí n tó rí ọ̀kadà l'Ọ́jà'ba, ṣebí wọ́n ti ti géètì lẹ́sìn JAMB l'Ókè-Àdó nìyẹn? Ṣé kí n tún fìdí rẹmi ni?

Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ!

Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe! [18, ∞) ṣì wà níbẹ̀ gbagidi. Kí n pọn méjì, kí n má sì pọn rárá? Wọlláhì, kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n mọ́, ìsọkúsọ ni! Doméènì ẹ̀, ọjọ́ orí tó kó wọlé, [5, ∞), ìyẹn dáa, ẹ̀yin gan-an wà nínú ẹ̀. Réńjì, iye kẹ́ẹ̀gì tó ń jáde, wá ńkọ́? Ó kọ [0, 2]! Ta ló pọn kẹ́ẹ̀gì kan ààbọ̀ rí nílé yìí? Òdo, kan, méjì, ó parí! Yunifásítì wo ló lọ ná?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Hẹ̀n? Ẹ̀yin lẹ bi í pé ta ni yóò máa pọn omi àlùwàlá yín bí èmi Karimat bá bọ́ lọ́wọ́ omi pípọn? Òun náà wá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fóun? A-ùsù bílà! Kò lè ní òun á pọn ọ́n! Géńdé ọkùnrin, ṣọ́ọ̀kì ló lè gbé!

Ẹ pè é. Kó wá pa á rẹ́ lójú mi. Omi àlùwàlá yín, màá pọn ọ́n, kódà bí mo bá pé ogójì ọdún, ìyá mi ni yín. Àmọ́ Jubril ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sára ògiri fún mi!