Ìsàlẹ̀ Àpò

Nínú mọ́tò tó ń ti Èrúwà lọ sí Lánlátẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá méjì tó ń ta gààrí.

"Màmá Bọ́lá, wọ́n ní igbó tí wọ́n ń mu yìí lọmọ yín ń kó ní Kánádà!"

"Rárá o! Ìjọba ibẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ń kọ́ ọ níléèwé bí wọ́n ṣe ń bu igbó náà lọ fún àyẹ̀wò, bóyá oògùn kòkòrò wà lára ẹ̀. Òkè àpò igbó làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti bù. Bọ́lá wọ ìbọ̀wọ́, ó kiwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá! Tíṣà pàtẹ́wọ́, ó ní ta ló kọ́ ọ. Bọ́lá ní màmá òun ni!"

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi gààrí tó dáa bojú àpò?"

"Òun ló kúkú ń bá mi dì í! Báwo ni kò ṣe ní mọ ibi tí èyí tí kò dáa máa ń wà?"