Orúkọ Tí Yóò Wà Lórí Páátákó

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí tẹrú tọmọ ń dá òwò sílẹ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọkùnrin méjì tí wọ́n tò síwájú mi, níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì Òṣòdì ní Ìsọlọ̀. Èyí àbúrò wọ aṣọ iṣẹ́ fákítìrì. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó gba ṣọ́ọ̀bù aṣọ lọ́jà Aswani, kó sì lọ fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

"Ṣe sùúrù ná," ni èyí ẹ̀gbọ́n wí. "Jẹ́ kí ìyàwó ẹ bí tinú ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wàá lè kọ 'Áńdì Sọ́ńsì' sórí páátákó, káyé mọ̀ pé ìwọ àtàwọn ọmọkùnrin ẹ lẹ ni ín."

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá tún jẹ́ obìnrin ńkọ́? Ṣé kí n ṣì máa dúró ni? Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, àwọn ọmọbìnrin mi ló ń bá ìyá wọn tajà. Àkọ́bí mi gan-an làwọn oníbàárà ń béèrè."

"Obìnrin á relé ọkọ."

"Kó lọ. Ṣé tó bá délé ọkọ, kò ní jẹ́ ọmọ mi mọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí títì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, tí a ń sún síwájú, ó rọra béèrè pé:

"Kí lòyìnbó ń pe àwọn ọmọbìnrin?"

"Dọ́tàsì."

Ó tún un pè jẹ́ẹ́jẹ́: "Áńdì Dọ́tàsì. Áńdì Dọ́tàsì." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ lé àbúrò léjìká.

"Kò burú létí. Sọ fẹ́ni tó máa kọ ọ́ kó kọ ọ́ gàdàgbà."