Èmi Ni Mo Wó Òkúta Arábìnrin Noreen

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe juwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Arvilla ìyàwó mi ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, òun gan-an ló fi ìgunpá tì mí dìde báyìí. Òní ni ọjọ́ ìsinmi tí ìjọ wa yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rí, tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbé máa ń bọ́ síwájú. Èmi Verl Hatchett ti dúró níbí yìí láìmọye ìgbà, ẹ̀rí kan náà ni mo sì máa ń jẹ́: bí Ọlọ́run ṣe fà mí lọ́wọ́ lọ bá obìnrin tó sọnù sínú aginjù. Ẹ ti sunkún sí ẹ̀rí yẹn. Ẹ ti fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Ó tó gẹ́ẹ́, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Obìnrin náà sọnù lóòótọ́, mo sì rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló júwe ibẹ̀ fún mi. Mo mọ ibi tó máa wà nítorí pé èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Há! Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pẹ́ tó lọ́nà ọ̀fun mi.

Gbogbo yín lẹ mọ pàlàpálá àpáta tó wà lẹ́yìn àwọn òkè funfun, èyí tí bàbá mi rí nígbà tó ń wá màlúù rẹ̀ kiri. Ó tóóró débi pé èèyàn ní láti bọ́ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ògiri pupa lọ́tùn-ún, ògiri pupa lósì, ojú ọ̀run á sì dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju ilé ara mi lọ. Arvilla, má bínú, o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ìlú ńlá, tàwọn ti ọ̀rá omi tí wọ́n ń fi rọ́bà fà mu. Kò sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, àpáta lásán ni, rìbìtì rìbìtì bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, gbogbo rẹ̀ jọra, ẹsẹ̀ kì í sì í hàn lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlejò fi máa ń to òkúta léra bí wọ́n ṣe ń lọ, kí wọ́n lè tọ̀ ọ́ padà.

Àwa ará ibí, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ o, a kórìíra àwọn òkúta wọ̀nyẹn. A máa ń fẹsẹ̀ wó wọn. Arákùnrin LaMar, má wo ilẹ̀, mo ti rí ọ rí níbi tí o ti ń gbá wọn bíi bọ́ọ̀lù. A ní wọ́n ń ba aginjù jẹ́. A ní ẹni tí kò lè fojú mọ ọ̀nà, kó jókòó sílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi fún mi ní òfin kan, bàbá tiyín náà sì fún yín: kó o tó wó òkúta, lọ wo iyanrìn ẹnu pàlàpálá. Bí ẹsẹ̀ tó wọlé bá ti jáde, o lè wó o. Bí kò bá tíì jáde, má fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹ̀mí ẹnìkan wà lórí òkúta yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, inú ti ń bí mi láti ilé. Kò sí nǹkan gidi kan tó bí mi nínú o. Ìwé ìròyìn kan ló gbé àwòrán pàlàpálá wa jáde, mo wá ń ṣe bí ẹni tí wọ́n jí ìyàwó rẹ̀ gbé. Mo gbé ọkọ̀ mi sí etí àpáta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, òkúta àkọ́kọ́ sì pàdé mi. Mo rí òmíràn, mo tún rí òmíràn. Wọ́n tò ó títí dé ẹnu pàlàpálá, bí ẹni tó fẹ́ fọ̀nà han gbogbo ayé. Mo wo iyanrìn. Bàtà kékeré kan ti wọlé, ó dà bíi ti obìnrin. Kò tíì jáde. Mo rí i, ẹ̀yin ará. N kò lè sọ pé n kò rí i. Mo dúró tì í, mo sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Jẹ́ kí òun náà fojú ara rẹ̀ wá ọ̀nà." Mo yí padà, mo sì wó gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ìdí ọkọ̀ mi. Ìwà ìkà ni, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń ṣe é. Mo délé, mo jẹ ẹran àti ọ̀dùnkún, mo sì sùn fọnfọn.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pe ẹgbẹ́ àwa tí a máa ń wá àwọn tó bá sọnù. Ọkùnrin kan ló ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀, Stan Pawlak, ará Ohio. Orúnkún ló dá a dúró sínú àgọ́ tí Noreen ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi dá nìkan lọ wo pàlàpálá. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣìnà," ló ń tẹnu mọ́. "Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n. Wọ́n á ti sàmì sí ọ̀nà tí wọ́n gbà." LaMar tó jẹ́ olórí wa ní ká gba ọ̀nà odò lọ, pé ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, odò ló máa wá lọ. Èmi mọ̀ pé kò lè gba ibẹ̀. Ẹni tó bá jáde nínú pàlàpálá yẹn tí kò rí àmì kankan, ibi tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lẹsẹ̀ á gbé e lọ, ìlà oòrùn sì ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlà oòrùn." LaMar ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Mo ní, "Ọkàn mi ló ń sọ ọ́." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tètè tà, ẹ̀yin náà sì rà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ la rí i lábẹ́ igi kédárì kan, ètè rẹ̀ ti bó, bàtà rẹ̀ ti ya. Ó jókòó ti kòtò omi òjò kan nínú àpáta. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ má sáré mọ́, n kò tíì kú. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, omi rèé, ṣùgbọ́n ẹ fi eyín sẹ́ ẹ o, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ nínú rẹ̀." A rẹ́rìn-ín. LaMar gan-an nu ojú. Bí a ṣe ń fún un lómi ló béèrè pé, "Ta ló kó òkúta mi?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ló burú jù. Ẹ má rò pé wíwó òkúta ló burú jù. Ìbínú ni mo fi ṣe ìyẹn. Èyí tó kù, ojú mi là kedere nígbà tí mo ṣe é. A gbé e dé ìdí ọkọ̀, Stan dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Noreen tún sọ ọ́ pé, "Stan, mo to òkúta. Mo tò ó dáadáa. Mo jáde, n kò bá ẹyọ kan." Stan wo LaMar, LaMar wò mí, nítorí pé èmi ni mo mọ ibẹ̀ jù. Obìnrin náà kọjú sí mi, ó ní, "Arákùnrin, ìwọ tó o rìn débẹ̀, ṣé o ò rí òkúta mi ni?" Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Rárá, mà. Kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Oòrùn máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀." Kò bá mi jiyàn. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò ó. Ibi tí àpáta ti ha á lọ́wọ́ nígbà tó ń to òkúta ṣì wà níbẹ̀, pupa. Ó wò ó títí, ó wá pa ọwọ́ náà dé, ó ní, "Ó dáa. Bóyá mo lálàá ni." Stan fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú, ó ti tán." Èmi ni mo ṣe é. Obìnrin tó fi orí pípé jáde nínú aginjù, èmi ni mo gba orí pípé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdí ọkọ̀.

Ẹ̀yin wá ń gbé mi gẹ̀gẹ̀. Ẹ gbé àwòrán mi kọ́ sílé oúnjẹ. Gbogbo Kérésìmesì ni Noreen ń fi súìtì ẹ̀pà tí wọ́n rì sínú ṣokoléètì ránṣẹ́ sí mi, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Arvilla á ní, "Verl, o ò ní tọ́ ọ wò?" Màá ní eyín ń dùn mí. Á ní, "Eyín rẹ yìí mà mọ ọjọ́ ọdún o!" Òun nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá, Stan pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n má retí súìtì mọ́, pé àwọn ń kó Noreen kúrò nílé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òun, wọ́n sì ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, sà. Látìgbà aginjù yẹn lọkàn wa ò ti balẹ̀ sí wọn. Bí wọ́n bá gbàgbé ìgò ojú wọn báyìí, àwọn fúnra wọn á ní, 'Ṣé ẹ rí i? Bí mo ṣe rí òkúta níjọ́sí náà nìyẹn.' Wọn ò bá wa jà. Wọ́n ti gbà pé orí àwọn ò pé." Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Arvilla ń bó èso píìṣì nílé ìdáná, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Verl, o jẹ́ kí obìnrin yẹn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láti ọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Èmi náà sì ń jẹ súìtì rẹ̀! O fi mí ṣe alábàápín!" Mo ní kí n pè é lórí fóònù. Ó ní, "Fóònù kẹ̀? Ẹsẹ̀ lo fi wó o, ẹsẹ̀ lo máa fi lọ sọ ọ́. Gbé ọkọ̀ jáde."

Ẹ ò mọ bí Ohio ṣe jìnnà tó, àfi kẹ́ ẹ rìn ín pẹ̀lú ìyàwó tí kò bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, páálí ti kún pálọ̀, Stan ń fi ìwé ìròyìn wé àwo. Noreen ti gbó, ó ti rù, ó ń bi Stan bóyá kí òun jókòó síbí tàbí sọ́hùn-ún. Ìyẹn ló pa mí. Obìnrin tó pa wá lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ètè bíbó, òun ló ń tọrọ àyè ìjókòó nínú ilé ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sáàárín páálí. Mo sọ ọ́, n kò fi ẹyọ kan pa mọ́, n kò fo ti ẹsẹ̀ tó wà lójú iyanrìn, n kò fo ti ìdí ọkọ̀.

Noreen ní, "Òkúta wà níbẹ̀?" Mo ní, "Ó wà, mà." "Èmi ni mo tò ó?" "Ẹ̀yin lẹ tò ó, mà, títí dé ẹnu pàlàpálá." "Ó dúró dáadáa?" "Ó dúró, mà. Ọ̀kan wà tí mo ta nípàá tí kò wó, àfi ìgbà tí mo tún un ta." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó di Stan mú lápá, ó ń jì í. "Stan! Ṣé o gbọ́? Orí mi pé! Orí mi pé láti ọjọ́ yìí!" Stan náà ń sunkún, ó ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yín gbọ́ tẹ́lẹ̀, ọkùnrin yìí ló ní kò sí." Noreen dìde, ó rìn wá bá mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó sì gbá mi létí, gbòóà! Arvilla ní, "Ó kéré." Noreen ò tún un gbá. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Stan, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi dà?" "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rọra…" "Mo ní kọ́kọ́rọ́ mi dà?" Stan tọwọ́ bàpò, ó yọ ọ́ fún un. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn bí èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, tí ẹ ń gbá òkúta káàkiri, ẹ wo iyanrìn ná. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù rẹ̀ fún yín. LaMar, wá bá mi yọ àwòrán yẹn lára ògiri ilé oúnjẹ. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run pẹ̀lú, mo ti fi orúkọ rẹ̀ bo nǹkan tí kò ṣe.

Ẹ bá mi bẹ Noreen náà. Òun ló jókòó ti Arvilla yẹn, aláṣọ àwọ̀ ewé. Láti Ohio ló ti dá ọkọ̀ ara rẹ̀ wà wá. Stan fẹ́ jókòó tì í nínú ọkọ̀, ó ní kó bọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lánàá pé kó dárí jì mí, ó ní òun ṣì ń rò ó, pé kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ níbi tí mo ti ń parọ́ rẹ̀, kí gbogbo ìjọ gbọ́ pé òkúta wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ẹ̀yin ará. Arábìnrin Noreen, mo ti sọ ọ́, mà.